Ẹ̀rọ Awárin Wo Ló Dára Jù fún Ilẹ̀ Jálumi?

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọmọ Ìbà ni, ìlú tó wà lẹ́bàá Ìkìrun nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èkó ló ń gbé báyìí. Ohun tó sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ń kọ ebè lóko wa lápá odò Ọ̀tìn, ni ọkọ́ wọn bá kan nǹkan. Ìgbà tí wọ́n máa hú u, ọta irin roboto kan ni, ó ti dípẹtà. Àwọn àgbà ní ọta ogun Jálumi ni. Mo ti wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi ẹ̀rọ wá owó àtijọ́ lóko. Mo fẹ́ ra ọ̀kan. Èwo ló dáa jù?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá a lóhùn ní gbólóhùn kan ṣoṣo, kí n dárúkọ ẹ̀rọ kan fún un. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kò sí bí mo ṣe lè dárúkọ ẹ̀rọ kan láìkọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ètò tòní fi gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Kí ló wà nínú ilẹ̀ yẹn?

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878 ni wọ́n ja ogun Jálumi. Abẹ́ Ìbàdàn ni Ìkìrun wà nígbà náà. Ọmọ ogun Ìlọrin, ti Ìjẹ̀ṣà, ti Èkìtì àti ti Ìlá kóra wọn jọ láti kọlu ìlú náà. Ìbàdàn rán ọmọ ogun wá gbà á sílẹ̀, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló kó wọn wá. Nígbà tí ìjà gbóná, àwọn tó wá ká Ìkìrun mọ́ kò lè dúró mọ́, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Odò Ọ̀tìn ló wà níwájú, ọ̀tá wà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló já lu omi, omi sì gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ: Jálumi.

Jálumi kò dá dúró o. Ó jẹ́ apá kan nínú rògbòdìyàn ńlá tí a ń pè ní ogun Kírìjì, èyí tí àwọn òpìtàn ń ka ọdún rẹ̀ láti 1877 títí dé 1893. Àwọn Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn wá dojú kọ ara wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà níhìn-ín, Ààrẹ Látóòsà ti Ìbàdàn lọ́hùn-ún. Inú àgọ́ ogun yẹn ni Látóòsà kú sí ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn àgọ́ náà tó tú ká. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ará Òkukù ti sá kúrò nílùú wọn, Ìkìrun ni wọ́n sá sí. Ẹ fojú inú wò ó: odindi ìlú kan kó lọ sí ìlú kejì fún nǹkan bí ọdún márùndínlógún. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí wọ́n ń kó lọ ti di géńdé kó tó fojú kan ilé baba rẹ̀.

Báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ìwé, pàápàá ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, tí òǹkọ̀wé náà parí ní 1897 àmọ́ tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Èkejì ni ẹnu àwọn àgbà: oríkì, àlọ́, ìtàn ìdílé. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Britain, gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, ó gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà, ó sì kọ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 1991. Ìwé sọ ẹni tó borí fún wa. Oríkì sọ ẹni tó gbóyà àti ẹni tó sunkún. Ṣùgbọ́n níbo gan-an ni ìlà ìjà wà? Apá ibo ni wọ́n ti ń yìnbọn? Ibo ni wọ́n gbà dé etí odò? Ọ̀nà kẹta ló lè sọ ìyẹn fún wa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọta tí bàbá àbúrò wa hú yẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn bá a ṣe ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn Jálumi, ní oṣù keje ọdún 1881, ẹnì kan yìnbọn fún ààrẹ Amẹ́ríkà, James Garfield. Ọta wọ inú ara rẹ̀, àwọn dókítà kò mọ ibi tó fara pamọ́ sí. Alexander Graham Bell, ọkùnrin tó gba ìwé ẹ̀tọ́ tẹlifóònù, sáré ṣe ẹ̀rọ kan tó lè gbọ́ irin nínú ara èèyàn. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ nígbà tó dán an wò. Ìgbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ààrẹ, kò rí ọta náà. Ìdí méjì ni wọ́n máa ń dárúkọ: irin wà nínú ibùsùn tí ààrẹ dùbúlẹ̀ lé, dókítà àgbà sì ní apá ọ̀tún nìkan ni kí ó wá, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ rántí ìtàn yìí. Ẹ̀rọ lè dáa, kí ibi tí a ní kó wá má dáa.

Lẹ́yìn náà, Gerhard Fischer, ará Jámánì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí àwọn èèyàn lè rà, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1937. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Józef Kosacki, ọmọ ogun Poland, ṣe irú rẹ̀ kan tó ń wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Britain lò ó ní El Alamein ní 1942. Nígbà tí ogun parí, ẹ̀rọ ogun wá di ohun ìgbafẹ́. Charles Garrett dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Texas ní 1964. Minelab bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní 1985. Àwọn wọ̀nyí ni orúkọ tí àbúrò wa ń rí lórí YouTube.

Bó ṣe ń gbọ́ irin

Mi ò ní fi èyí da yín láàmú. Abọ́ pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ náà ní wáyà tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Iná máa ń gba inú wáyà yẹn kọjá, á sì tan agbára mágínẹ́ẹ̀tì sínú ilẹ̀. Bí ohun kan tó lè gbé iná bá wà níbẹ̀, bíi fàdákà, idẹ tàbí irin, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú rẹ̀, òun náà á sì dá agbára tirẹ̀ padà. Wáyà kejì á gbọ́ ọ, ẹ̀rọ á han. Bí ohun náà ṣe ń gbé iná sí ni nọ́ńbà tó máa yọ lójú ẹ̀rọ ṣe máa ga sí. Fàdákà ga. Bébà alumíníọ̀mù lọ sílẹ̀. Irin dúdú wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Owó ẹyọ kan nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ tó dáa lè gbọ́ ọ bó bá jìn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ó sì sábà máa ń kéré sí ìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ òun ń gbọ́ owó ẹyọ láti ìsàlẹ̀ kànga, irọ́ ló ń pa.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀: áàpù orí fóònù. Kọ́ńpáàsì tó wà nínú fóònù yín ló ń lò. Mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀, nítorí náà irin tó bá sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí ló lè gbọ́. Kò lè gbọ́ wúrà, kò lè gbọ́ fàdákà, idẹ tàbí bàbà. Ẹ fi í wá ìṣó nínú ògiri, ó tán.

Èkejì ni irú Garrett ACE 300 àti Nokta Simplex+. Èrò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n fúyẹ́, wọn kò wọ́n jù láàárín ẹgbẹ́ wọn, ohùn iná kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò lẹ́ẹ̀kan náà: ACE 300 ń lo 8 kHz, Simplex+ ń lo 12 kHz. Simplex+ lè wọ omi tó jìn tó mítà mẹ́ta. Ìṣòro wọn lọ́dọ̀ tiwa ni ilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà Ìkìrun sí Ìnísà kọjá rí, ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe pupa tó. Irin ló pọ̀ nínú yangí. Ẹ̀rọ olóhùn kan á máa han níbi tí kò sí nǹkan kan, àfi tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ bá mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe kó bá ilẹ̀ mu.

Ẹ̀kẹta ni irú Minelab Equinox 800. Òun máa ń fi ohùn iná púpọ̀ ránṣẹ́ sínú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó túbọ̀ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ pupa àti ohun tó wà nínú ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó ẹyọ àti ohun àtijọ́ lẹ ń wá lórí yangí, irú rẹ̀ ló sún mọ́ ohun tó yẹ. Owó rẹ̀ náà sì fi bẹ́ẹ̀ ga.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn tó ń wá wúrà, bíi Minelab GPX 5000. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́: wọ́n á ju agbára sínú ilẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá tẹ́tí. Ilẹ̀ pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ dí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbọ́ ohun tó jìn. Àmọ́ wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣó àti òrùka dáadáa. Ẹ ó walẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi dùn yín, ìdérí ọtí lẹ ó máa rí. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà sì ni.

Ẹ̀karùn-ún kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Ẹ ó rí i lórí Facebook: ìdìmú tó ní ọ̀pá tín-ínrín tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí wọ́n ní ó ń gbọ́ wúrà láti ọ̀nà jíjìn réré. Ẹ má rà á. Ọkùnrin kan ní Britain, James McCormick, ta irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fún ìjọba Iraq, ó pè é ní ADE 651, ó ní ó ń wá bọ́ǹbù. Ohun tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí awá-bọ́ọ̀lù-gọ́ọ̀fù ló fi ṣe é. Àwọn ọmọ ogun gbẹ́kẹ̀ lé e níbi àyẹ̀wò ọkọ̀, bọ́ǹbù sì ń kọjá. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní London jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kó má gbọ́

Ibí yìí gan-an ni mo ti dúró pẹ́. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ro ti oníbàárà wọn. Lójú ACE tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, orúkọ owó ẹyọ Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Coins". Bẹ́ ẹ bá yàn án, ẹ̀rọ á pa etí dé sí irin dúdú, nítorí ìṣó ni irin dúdú jẹ́ lójú ẹni tó ń wá owó fàdákà ní Texas.

Ẹ wá gbé e dé Ìkìrun. Kí ni owó àtijọ́ wa? Owó ẹyọ ni, ìyẹn ẹyọ inú òkun. Ogójì ló wà lórí okùn kan, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sá fógun máa ń rì í mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹyọ kì í ṣe irin. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìkòkò. Ẹ lè gbé ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ láyé kọjá lórí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, kò ní han. Iyùn náà ńkọ́? Sẹ̀gi? Kò ní han.

Owó tó tẹ̀ lé ẹyọ ńkọ́? Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀ffà, owó oyìnbó sì ń bá a bọ̀. Ọ̀nínì ló kéré jù, ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀ kan, ó ní ihò láàárín kí wọ́n lè fi okùn so ó bí wọ́n ṣe ń so ẹyọ. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é ní 1907, ojú ọjọ́ wa bà á jẹ́, wọ́n yí i padà sí bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ yẹn kì í gbé iná dáadáa. Nọ́ńbà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ máa ń bọ́ sítòsí ti bébà alumíníọ̀mù àti ìṣíde agolo. Bẹ́ ẹ bá ní kí ẹ̀rọ má gbọ́ pàǹtírí, ẹ lè ti ní kó má gbọ́ ọ̀nínì. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè fàdákà tí West African Currency Board bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1913 nìkan ni yóò han ketekete bí ti fídíò YouTube. Láti 1920, idẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò dípò fàdákà.

Èyí tó wá dùn mí jù ni irin dúdú. Ìlú tó ń bọ Ògún ni wá. Ọkọ́, àdá, ọfà, ìdàrọ́ ilé ìrọ, ọta ṣakabùlà: irin dúdú ni púpọ̀ nínú wọn. Ọta tí bàbá àbúrò wa fi ọkọ́ hú, bó bá ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fi wá a, tí wọ́n yan "Coins", wọn ì bá ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Lórí Equinox, bọ́tìnnì kan wà tó ní àwòrán bàtà ẹsẹ̀ ẹṣin. Òun lẹ máa tẹ̀ kí etí ẹ̀rọ tó ṣí sí irin. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́, nítorí ariwo á pọ̀. Bẹ́ẹ̀ inú ariwo yẹn ni ìtàn tiwa wà.

Ohun tí pápá ogun kan ní Amẹ́ríkà kọ́ wa

Ọdún méjì ṣáájú Jálumi, ní oṣù kẹfà ọdún 1876, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí Custer kó lẹ́yìn bá àwọn Lakota àti Cheyenne jà létí odò kan tó ń jẹ́ Little Bighorn. Custer àti gbogbo àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kú. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìtàn tí àwọn aláwọ̀ funfun sọ ni wọ́n gbà gbọ́. Àwọn Lakota àti Cheyenne ní ìtàn tiwọn, ti ẹnu, wọn kò kà á sí.

Ní 1983, iná jó koríko orí pápá náà. Ní 1984 àti 1985, Douglas Scott àti àwọn awalẹ̀pìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ pe àwọn tó mọ ẹ̀rọ awárin lò. Wọ́n tò ní ìlà, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti han, wọ́n á fi àsíá kékeré síbẹ̀, wọn kò ní fọwọ́ kan nǹkan náà títí tí wọ́n á fi wọn ibẹ̀ tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Agolo ọta máa ń ní àpá ìbọn tó yìn ín, àpá ìbọn kan kì í jọ ti èkejì. Nítorí náà wọ́n lè tẹ̀ lé ìbọn kan ṣoṣo láti ibì kan dé ibòmíràn lórí pápá. Wọ́n rí i pé àwọn Lakota àti Cheyenne ní ìbọn ayára-yìn púpọ̀ ju bí ìwé ṣe sọ lọ. Wọ́n rí i pé lọ́pọ̀ ibi, ohun tí àwọn àgbà wọn fi ẹnu sọ ló bá ilẹ̀ mu.

Ẹ wò ó, ẹ̀rọ tí àbúrò wa fẹ́ rà ni wọ́n lò. Iye tí wọ́n lè ta ọta kan kọ́ ló jẹ wọ́n lógún. Ibi tí ọta náà dùbúlẹ̀ sí ni wọ́n ń wá, àti èyí tó dùbúlẹ̀ tì í.

A lè ṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà Kírìjì, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun gbà láti Èkó, irú Snider àti Martini-Henry, tí agolo ọta wọn jẹ́ idẹ. Ṣakabùlà kì í fi agolo sílẹ̀. Bí awalẹ̀pìtàn bá rí agolo idẹ tó pọ̀ níbì kan, tó sì rí ọta ṣakabùlà níbòmíràn, ó lè ya ìlà ìjà sórí àwòrán ilẹ̀, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Johnson kọ àti ohun tí oríkì sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti lọ ṣa gbogbo agolo náà sínú báàgì, tó tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kò sẹ́ni tó tún lè dá wọn padà síbi tí wọ́n wà. Ojú ewé ìwé kan ṣoṣo ni, ó ti ya.

Òfin ńkọ́?

Ní Britain, òfin gba àwọn èèyàn láyè láti fi ẹ̀rọ wá nǹkan bí onílẹ̀ bá gbà, wọ́n sì ní ètò kan láti 1997 tí àwọn èèyàn fi ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ó ti ju mílíọ̀nù kan ohun lọ nínú rẹ̀. Fídíò tí àbúrò wa wò, abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n ti ṣe é. Ní France, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀rọ wá ohun àtijọ́.

Ní Nàìjíríà, òfin tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ní 1979 sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀m̀báyé láìgba ìwé àṣẹ àjọ náà. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀m̀báyé jáde nílẹ̀ yìí láìgba àṣẹ. Kí ẹ ra ẹ̀rọ kò sọ yín di ọ̀daràn. Kí ẹ gbé e lọ sí pápá Jálumi kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun kan tún wà tó ju òfin ìjọba lọ. Àwọn baba wa máa ń sin òkú sínú ilé. Ahoro tí ẹ rí lónìí, ilé ẹnì kan ni tẹ́lẹ̀, ojú oórì ẹnì kan lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlẹ̀kẹ̀ idẹ tó bọ́ lọ́rùn ẹnì kan lọ́jà àti èyí tí wọ́n fi sin ín.

Èsì mi fún àbúrò wa

Àbúrò mi, o bi mí pé èwo ló dáa jù. Bí ọjọ́ kan bá dé tí àwọn awalẹ̀pìtàn gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n wá sí Ìbà àti Ìkìrun, tí wọ́n sì ní kó o wá bá àwọn rìn ní ìlà, irú Equinox tó ń lo ohùn iná púpọ̀ ni kó o mú dání, kó o tẹ bọ́tìnnì bàtà ẹṣin, kó o sì fara da ariwo. Títí dìgbà náà, má ì ná owó rẹ.

O ti ní ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ tó wúlò ju ìyẹn lọ fún iṣẹ́ òní. Fóònù rẹ ni. Bó o bá tún délé, lọ bá bàbá rẹ lọ sí oko. Ní kí wọ́n fi ibi tí ọkọ́ ti kan ọta náà hàn ọ́ gan-an. Tan ibi tí fóònù wà, kó o ya ibẹ̀, kí nọ́ńbà ibùdó náà lè wà nínú fọ́tò. Fi náírà kan ti ọta náà kó o tó yà á, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bi bàbá bó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, ọdún wo ni, kí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Má fi yanrìn ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, má fi epo pa á. Fi bébà dì í, kọ gbogbo rẹ̀ sára bébà náà.

Lẹ́yìn náà, jókòó ti àwọn àgbà tó ní ọta Jálumi ni. Bi wọ́n: ta ló sọ fún yín? Apá ibo ni baba yín ní wọ́n ti ń sá bọ̀? Gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, pẹ̀lú àṣẹ wọn. Ọta yẹn lè wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Àwọn àgbà náà kò ní dúró tó bẹ́ẹ̀.

Mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ wà ní Òṣogbo, kò jìnnà sí yín. Gbé fọ́tò àti ohun tó o kọ lọ síbẹ̀, kó o sọ fún wọn ohun tí ẹ rí. Jọ̀ọ́, má gbé ibi oko náà sórí TikTok. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní, kó tó dọ̀la, àwọn tó ní ẹ̀rọ tí kò ní ìwé àṣẹ á ti dé ibẹ̀.

Ọkọ́ bàbá rẹ ti rí ohun tí ẹ̀rọ tó wà lórí "Coins" kò bá máà rí. Ohun tó kù ni kí a má jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti rí i sọnù.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ bi àwọn òbí yín lọ́sẹ̀ yìí: ǹjẹ́ ohun kan wà nílé tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ rí, tó kàn wà nínú agolo tàbí lórí àjà? Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa bí àbúrò wa ọmọ Ìbà ti ṣe. A ó gbọ́ díẹ̀ nínú wọn lórí ètò tó ń bọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ máa tọ́jú ara yín, ó dàbọ̀ o.